“Overcrowded”: nígbà wo ni èrò pọ̀, nígbà wo ló pọ̀ jù?

Ògbufọ̀Tuntun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ń túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé àti ìlera ló dá lé. Ọ̀rọ̀ kan ò yé jẹ yọ nínú rẹ̀: “overcrowded”, “overcrowding”. Ní ojú ewé kan wọ́n pe ibùdókọ̀ ní “crowded”, nígbà tó di ojú ewé kejì wọ́n pe ilé kan ní “overcrowded”, bẹ́ẹ̀ èèyàn márùn-ún péré ló ń gbé inú ilé náà. Ó rú mi lójú.

Kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì gan-an? Ṣé a lè pe èèyàn ní “overcrowded”, àbí ibi nìkan ni? Wọ́n ní kí n tún kọ àkópọ̀ kúkurú ní Gẹ̀ẹ́sì sí ìparí iṣẹ́ náà, nítorí náà ìtumọ̀ nìkan ò tó mi, mo fẹ́ mọ bí a ṣe ń lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó là mí lọ́yẹ̀.

Olùkọ́Èdè

O káre, àbúrò, tí o béèrè kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ náà ni kí á ti mú un. Láti ayé àtijọ́ ni “crowd” ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. “Crūdan” ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìṣe ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí á fi agbára ti nǹkan, kí á rọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló tó di ọ̀rọ̀ orúkọ tí wọ́n fi ń pe ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Nítorí náà, fífún mọ́ra àti títi ara ẹni ti wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kí iye èèyàn tó wọ inú rẹ̀.

Ní ti “over-”, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí “jù” ń ṣe nínú “àjẹjù”, “àsọjù” àti “àṣejù” ni òun náà ń ṣe: “overeat”, “overload”, “overcook”. Ó ń sọ fún ọ pé ààlà kan wà, a sì ti kọjá rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí ò ń wá wà. “Crowded” ń sọ pé èrò pọ̀, ibẹ̀ kún. Kò sọ pé ó burú. Ẹni tó ṣe ìpàdé tó sì sọ pé “The hall was crowded” lè máa fi dúpẹ́ pé àwọn èèyàn yẹ́ òun sí. Ṣùgbọ́n tó bá sọ pé “The hall was overcrowded”, ẹ̀sùn ti wọ̀ ọ́. Èèyàn tó wọlé ti ju èyí tí gbọ̀ngàn náà lè gbà lọ, ó sì yẹ kí ẹnì kan ti ṣe nǹkan sí i.

Ibi la sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣàpèjúwe, kì í ṣe èèyàn. “An overcrowded train”, “an overcrowded classroom”, “The prison is overcrowded”. Bí o bá fẹ́ sọ ohun tí àwọn èèyàn ṣe, “crowd” lásán ni kí o lò, “into” yóò sì tẹ̀ lé e: “People crowded into the hall.” Má ṣe kọ “People overcrowded into the hall”. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àkàwé

Ẹ̀gbọ́n olùkọ́, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn àti lẹ́nu àwọn èèyàn, mo ń rí “overcrowded” níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti wọn nǹkan kan. Ẹnì kan wọ bọ́ọ̀sì, kò rí ìjókòó, ó ní bọ́ọ̀sì náà “overcrowded”. Ààlà wo ló wò? Bó ṣe ká a lára ló sọ.

Olùkọ́Èdè

Òótọ́ lo sọ, Àkàwé. Ọ̀rọ̀ náà ní ìlò méjì, ó sì yẹ kí ògbufọ̀ mọ èyí tó wà níwájú rẹ̀. Lẹ́nu èrò ọkọ̀, ara rẹ̀ ni òṣùwọ̀n: ara ń ni ín, kò ríbi mí. Lọ́wọ́ ìjọba, àwọn oníṣègùn àti àwọn tó ń kọ́lé, òṣùwọ̀n wà lórí ìwé, bí èèyàn bá ti kọjá nọ́ńbà kan, “overcrowded” ni, ì báà rọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ́rùn. Ní ìlò méjèèjì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbà pé ààlà wà. Ìbéèrè tí mo máa ń fi síwájú ẹni tó bá fẹ́ lò ó ni pé: ó ju kí ni lọ? Bí kò bá rí ìdáhùn, “crowded” tó o.

ẸniIlé

Ẹ káàsán o. Ètò ilé gbígbé ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ló sì ń jẹ jáde nínú gbogbo ìwé tí mò ń kà. Ògbufọ̀, ìdí tí wọ́n fi lè pe ilé èèyàn márùn-ún ní “overcrowded” ni pé iye èèyàn nìkan kọ́ ni wọ́n ń kà. Iye yàrá ni wọ́n ń fi wé e, láwọn ibòmíràn wọ́n a tún wo ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Òṣùwọ̀n kì í sì í ṣe ọ̀kan náà káàkiri, ohun tó yẹ kó wà lọ́kàn rẹ nìyẹn bí o ti ń túmọ̀.

UN-Habitat, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ibùgbé lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní kí èèyàn má ju mẹ́ta lọ nínú yàrá kan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe ìṣirò ilé máa ń ka ilé sí “overcrowded” bí èèyàn bá ti ju ẹyọ kan lọ sí yàrá kan. Bó bá ju ẹyọ kan àbọ̀ lọ, wọ́n á ní “severely overcrowded”. Yàrá ìgbàlejò àti ilé ìdáná wà lára yàrá tí wọ́n ń kà níbẹ̀, kì í ṣe yàrá ibùsùn nìkan.

Eurostat, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìṣirò fún Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ní tiẹ̀ tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Yàrá kan fún gbogbo ilé lápapọ̀. Yàrá kan fún tọkọtaya kọ̀ọ̀kan. Yàrá kan fún ẹnikẹ́ni tó dá wà tó ti pé ọdún 18. Àwọn ọmọ ọdún 12 sí 17 lè pín yàrá ní méjì-méjì bí wọ́n bá jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí wọ́n jọ jẹ́ obìnrin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kálukú ní tiẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tó 12, méjì sí yàrá kan. Ilé tí iye yàrá rẹ̀ kò bá tó èyí, “overcrowded” ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ilé ọdún 1985 gba ọ̀nà méjì wò ó. Ọ̀nà kìíní ni pé kí ọkùnrin àti obìnrin tí kì í ṣe tọkọtaya má sun yàrá kan náà, àmọ́ wọn ò ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 mọ́ èyí. Ọ̀nà kejì ni iye èèyàn sí iye yàrá àti bí yàrá ṣe fẹ̀ tó. Níbẹ̀, ìdajì ènìyàn ni ọmọ tó ti pé ọdún kan àmọ́ tí kò tíì pé ọdún 10, wọn kì í sì í ka ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rárá. Yàrá ìgbàlejò tó ṣeé sùn wà lára ohun tí wọ́n ń kà.

Ẹ wá jẹ́ ká fi ìdílé kan dán an wò. Tọkọtaya kan, ọmọkùnrin ọdún 15, ọmọbìnrin ọdún 13. Yàrá mẹ́ta ni ilé wọn, a ti ka yàrá ìgbàlejò mọ́ ọn. Lójú UN-Habitat, kò sí wàhálà. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn yàrá náà bá fẹ̀ tó, kò sí wàhálà, torí ọmọ kan lè sun yàrá ìgbàlejò. Lọ́dọ̀ Eurostat, yàrá mẹ́rin ló yẹ wọ́n, nítorí náà “overcrowded” ni. Ní Amẹ́ríkà, bí ilé ìdáná wọn kò bá dá dúró gẹ́gẹ́ bí yàrá kẹrin, èèyàn mẹ́rin sí yàrá mẹ́ta ti ju ẹyọ kan lọ, “overcrowded” náà ni. Ìdílé kan, ilé kan, ìdájọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìwé tí ò ń túmọ̀ bá dárúkọ òṣùwọ̀n tó lò, gbé e wọ inú Yorùbá rẹ, má fò ó. Bí kò bá dárúkọ rẹ̀, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ọ.

Ní ti pé ṣé a lè pe èèyàn ní “overcrowded”: nínú ìwé iṣẹ́ tiwa, a máa ń rí “overcrowded households” àti “overcrowded families”. Ìdílé tó ń gbé ilé tó há ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀gbọ́n olùkọ́ ò ṣìnà, ìlò ẹnu iṣẹ́ ni èyí.

Ògbufọ̀Tuntun

Háà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti padà lọ wo ìwé náà, Eurostat ni wọ́n lò, inú àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ewé ló wà. Ìyẹn ló jẹ́ kí èèyàn márùn-ún yẹn wọnú rẹ̀.

Ibòmíràn tún wà tí wọ́n kọ pé “overcrowding” ń mú kí ikọ́ ife tàn kálẹ̀. Ṣé ohun kan náà ni “overpopulation”? Àti “congestion” ńkọ́? Mo rí gbogbo wọn nínú ìwé kan ṣoṣo yìí.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti ikọ́ ife. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé kòkòrò rẹ̀. Ẹni tó ní in bá wúkọ́ tàbí sọ̀rọ̀, kòkòrò náà á máa fò nínú afẹ́fẹ́ yàrá fún wákàtí pípẹ́, pàápàá níbi tí fèrèsé bá ti pa dé. Bí èèyàn bá ṣe pọ̀ tó nínú yàrá kékeré, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń mí afẹ́fẹ́ kan náà símú ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n sì jọ ń sùn síbẹ̀ di òwúrọ̀. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi fi ọ̀rọ̀ àpọ̀jù èèyàn nínú ilé sínú ìlànà tó gbé jáde ní 2018 lórí ilé àti ìlera. Bí o bá ń túmọ̀ gbólóhùn náà, jẹ́ kó hàn pé àyè tó há àti afẹ́fẹ́ tí kò rìn ló ń jẹ́ kí àìsàn náà tàn kálẹ̀. Kí òǹkàwé má lọ rò pé àwọn èèyàn tó pọ̀ yẹn ni àìsàn. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí mo ti rí bí wọ́n ṣe ń sá fún àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí.

Ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà lò ó ní ilé ìwòsàn: “emergency department overcrowding”. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àwọn tó ń wọlé ló pọ̀ jù. Nígbà púpọ̀, àwọn tí kò ríbi jáde lọ ni. Dókítà ti ní kí wọ́n dá aláìsàn dúró, kò sí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù, ó wá ń dúró ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà kò sì rí àyè.

Olùkọ́Èdè

Mo máa mú àwọn ìbátan ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dà á pọ̀ jù.

“Overpopulated” ń wo ilẹ̀ tó gbòòrò: orílẹ̀-èdè, ìlú ńlá, erékùṣù. Ó ní àwọn olùgbé ju ohun tí ilẹ̀ náà lè bọ́ lọ. Ilẹ̀ lè ṣófo kí ilé tó wà lórí rẹ̀ há, nítorí náà ọ̀kan kì í gba ipò èkejì.

“Congested” ń wo ìrìn. Ohun tó yẹ kó máa lọ ti dúró. Ọ̀nà tí ọkọ̀ dí, imú tó dí, ẹ̀dọ̀fóró tí omi wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni “congested”. Yàrá tí èèyàn jókòó pọ̀ sí kì í ṣe “congested” bí kò bá sí ohun tó ń gbìyànjú láti kọjá.

“Packed” àti “crammed” jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. “Packed” lè dùn mọ́ni nínú. “Crammed” ń fi hàn pé ńṣe ni wọ́n fi agbára ki èèyàn wọlé, bí ẹni ń ki aṣọ bọ àpò.

Èyí tó ń tàn wọ́n jẹ jù ni “cramped”. Yàrá kékeré tí ènìyàn kan ṣoṣo ń gbé lè jẹ́ “cramped”, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wọn kì í pè é ní “overcrowded”. “Cramped” ń sọ pé àyè kéré, “overcrowded” ń sọ pé èèyàn pọ̀ ju àyè lọ. Yorùbá lè pe méjèèjì ní “há”, nítorí náà ibẹ̀ ni kí o ti fi ojú sílẹ̀ dáadáa.

AláàbòÈrò

Ẹ forí jì mí, mo pẹ́ dé. Ètò ààbò níbi àpéjọ ńlá ni mò ń ṣe. Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni: “stampede” àti “crowd crush”.

Tí èèyàn bá kú níbi tí èrò pọ̀ sí, “stampede” ni àwọn oníròyìn máa ń kọ. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ ni pé ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, wọ́n ń sá, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ó ń di ẹ̀bi ru àwọn tó kú. Níbi púpọ̀, ẹnikẹ́ni kò sá, kò tilẹ̀ sí àyè tí wọ́n á fi sá. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, ẹ̀yìn ń ti iwájú, iwájú kò ríbi lọ, àyà wọn kò sì rí àyè fẹ̀ láti mí. Ní ìdúró ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe máa ń kú, àìrí-èémí-mí ló ń pa wọ́n. “Overcrowding” ló ń bí “crowd crush”.

Ní pápá ìṣeré Hillsborough ní Sheffield, ní 1989, èèyàn 97 ló bá ọ̀ràn náà lọ. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ń di ẹ̀bi ru àwọn alátìlẹ́yìn bọ́ọ̀lù kí ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ tó sọ ní 2016 pé ẹ̀bi tiwọn kọ́. Ní Seoul, ní oṣù kẹwàá 2022, èèyàn 159 ló bá ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ ní òpópónà tóóró kan ní àdúgbò Itaewon lọ. Òpópónà náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èrò ń bọ̀ látòkè àti nísàlẹ̀.

Òṣùwọ̀n tiwa ni iye èèyàn sí mítà onígun mẹ́rin kan. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, ara ń kan ara ṣùgbọ́n èèyàn ṣì lè darí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti ju márùn-ún lọ, ewu ti dé. Ní mẹ́fà sí méje, ìgbì ni, èrò a máa gbé èèyàn lọ síbi tí kò fẹ́ lọ. Bí o bá rí i pé èjìká rẹ ń kan ti ẹlòmíràn ní ọ̀tún àti òsì, tí o kò sì lè gbé ọwọ́ rẹ sókè fi kan ojú rẹ mọ́, wá ọ̀nà jáde ní ẹ̀gbẹ́ kíákíá kí ó tó burú sí i. Bí o bá ti há, gbé apá méjèèjì síwájú àyà kí ó lè rí àyè mí, má bẹ̀rẹ̀ mú ohun tó bá jábọ́, má sì ti ẹni tó wà níwájú rẹ. Bí èrò bá ń gbé ọ, bá a lọ, kí o máa yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìtì náà bá rọlẹ̀.

Nítorí náà, ògbufọ̀, bí o bá rí “crush”, má kọ pé wọ́n ń sáré tẹ ara wọn pa. Kọ pé èrò fún wọn pa.

Àkàwé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé o. “Èrò fún wọn pa.” Èmi pàápàá ti ń ka “stampede” láti ọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ pé ẹ̀bi ń bẹ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlò díẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ ìṣe náà, “overcrowd”, kò wọ́pọ̀, àfi nínú ìmọ̀ràn: àwọn tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè máa ń sọ pé “Don’t overcrowd the pan”, torí bí ẹran bá kún páànù jù, omi rẹ̀ á máa sè é dípò kí ó díndín. Àwọn olùtọ́jú eyín ń lo “crowding” fún eyín tó wọ́ lé ara wọn. Àwọn tó ń gbin nǹkan ń sọ pé “overcrowded seedlings”. Ní gbogbo ibẹ̀, kò sí èèyàn níbẹ̀ rárá.

ẸniIlé

Ẹ rántí ọgbà ẹ̀wọ̀n náà. Wọ́n ń wò ó lọ́nà méjì: iye ẹlẹ́wọ̀n sí iye àyè tí wọ́n kọ́ ọ fún, bó bá ju ìdá 100 lọ nínú 100, ó ti kún jù. Tàbí kí wọ́n wọn ilẹ̀: ìgbìmọ̀ Yúróòpù tó ń gbógun ti ìfìyàjẹni ní mítà onígun mẹ́rin 4 ni kí ẹlẹ́wọ̀n kọ̀ọ̀kan ní nínú yàrá tí wọ́n jọ ń gbé, Red Cross ní 3.4 ni kí ó kéré jù. Ẹ ò ri pé ọgbà ẹ̀wọ̀n lè yege nínú ìkíní kó sì kùnà nínú ìkejì, bí ẹni tó kọ́ ọ bá ti fún un ní nọ́ńbà tó ga jù láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ògbufọ̀Tuntun

Mo ti tún un kọ. Ẹ wò ó fún mi. Fún “crowded station”, mo kọ “ibùdókọ̀ tí èrò kún”. Fún “overcrowded house”, “ilé tí èèyàn inú rẹ̀ pọ̀ ju yàrá lọ”. Fún “overcrowding”, “àpọ̀jù èèyàn nínú ilé”. Mo kọ́kọ́ fẹ́ lo “há gádígádí”, ṣùgbọ́n mo rò ó pé ó lè bọ́ sí ọ̀nà “cramped”. Àkópọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà rèé: “There are many overcrowdings in the area. The families are very overcrowded with people.”

Olùkọ́Èdè

Yorùbá rẹ dára púpọ̀. “Há gádígádí” ò ṣeé ju nù ṣá o, bí èrò ọkọ̀ bá ń ṣàlàyé bí ara ṣe ń ni ín, kò sí èyí tó dà bí i. Fi í pa mọ́ fún ibẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì náà ń fẹ́ àtúnṣe. “Overcrowding” kì í ní ọ̀pọ̀, kò sí “overcrowdings”. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, má fi àmì ìdè sí àárín rẹ̀. “With” lè tẹ̀ lé e bí ó bá jẹ́ ibi: “The ward was overcrowded with patients.” Kò bá ìdílé mu, torí èèyàn ni ìdílé fúnra rẹ̀. “Very” kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n nínú ìwé iṣẹ́ “severely” ni wọ́n ń lò, àwọn ibi kan sì ní nọ́ńbà pàtó fún un bí ẸniIlé ti sọ, nítorí náà má lò ó bí ìwé náà kò bá lò ó. Kọ ọ́ báyìí: “Overcrowding is common in the area. Many families live in homes with too few rooms.”

ẸniIlé

Kí o fi “by the Eurostat standard” sí ìparí gbólóhùn kìíní.

Ògbufọ̀Tuntun

Mo ti fi sí i. Mo tún kọ òṣùwọ̀n náà sí ìsàlẹ̀ ojú ewé ní Yorùbá, yàrá kan fún tọkọtaya àti gbogbo rẹ̀, kí ẹni tó bá kà á lè ka ti ilé tiẹ̀ náà. Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín.